KÌ Í ṢE GBOGBO ỌMỌ TÓ Ń FI ÒRU TẸ KỌ̀ǸPÚTÀ L'OKOTA NI YAHOO!

Òbí ń bẹ̀rù, ọlọ́pàá ń fura, aládùúgbò ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti fi ọwọ́dilẹ̀ ṣe!

Bí aago méjì òru bá lù l'Okota, tí èèyàn bá gba Ago Palace Way, tó yà wọ àwọn òpópónà kéékèèké tó wà lọ́tùn-ún lósì, yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo fèrèsé ló ṣókùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé sọ ní "I better pass my neighbour" á máa kùn lẹ́yìnkùlé, iná funfun kan á sì máa tàn nínú yàrá. Ọmọ ilé-ìwé ló jókòó ti laptop níbẹ̀. Kò sùn, kò wo fíìmù, kò bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń tẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀ á mọ́, ọ̀rọ̀ á sì dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ìyá kan á ní, "Ṣé ẹ rí ọmọ bàbá onílé wa? Kì í sùn mọ́ o. Wọ́n ti kó o wọ Yahoo." Èkejì á ní òun náà ti fura tipẹ́, ṣebí irun orí ẹ̀ nìkan ti tó jẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa dá ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn yọjú wo ohun tó ń tẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọmọ tí wọ́n bá pè l'ólè nígbà tí kò jalè, ọ̀kan nínú méjì ló lè ṣẹlẹ̀ sí i. Ó lè fi iṣẹ́ rere tó ń kọ́ sílẹ̀ nítorí ìtìjú. Ó sì lè ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti sọ òun lórúkọ yẹn, kí òun kúkú máa jẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí òbí mọ ìyàtọ̀.

KÍ NI WỌ́N Ń TẸ̀ GAN-AN?

Coding ni àwọn ọmọ ń pè é. Kò ju pé kí èèyàn kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, kó sì to àṣẹ náà tẹ̀léra bí ẹni ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lárònú níṣẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ yìí yára bí àrá, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ ló máa ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù ṣàpẹẹrẹ. Ká ní ìyá ọmọ kan ń ta mílíìkì, ṣúgà àti indomie lójú títì Okota Road, tí àwọn oníbàárà sì ń jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìwé gbèsè ìyá ti ya, epo tó dà sí i lára ti pa orúkọ méjì rẹ́. Ọmọ lè ní kí òun fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé gbèsè tuntun. Á kọ́kọ́ dá ohun kan bí igbá sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, á kọ orúkọ oníbàárà sí i lára, á fi iye tó jẹ sínú ẹ̀. Á wá pàṣẹ pé: bí ohun tó wà nínú igbá yìí bá ti ju 5,000 náírà lọ, kígbe, kí ìyá mi má tà á láwìn mọ́. Á tún pàṣẹ pé: lọ yẹ igbá kìíní wò, lọ yẹ ìkejì wò, máa bá a lọ títí dé èyí tó kẹ́yìn, kí o wá ro gbogbo owó náà pọ̀ fún mi. Igbá, "bí", àti "títí": orí nǹkan mẹ́ta yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà dúró lé.

Kí ló wá dé tó fi ń gba odidi òru? Àṣìkọ ni! Àmì kékeré kan tó bá fò, gbogbo iṣẹ́ á dúró gbọnin. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá á tètè mọ ohun tí à ń wí. Igba ni iye owó, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà sì ni a fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, àmì orí wọn ló yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú coding. Ọmọ lè fi wákàtí mẹ́ta wá àmì kan ṣoṣo tó fò. Tó bá sì rí i, á fò sókè bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Aládùúgbò tó gbọ́ ariwo ayọ̀ yẹn lóru á ní, "Ó ti rí maga jẹ nìyẹn!"

Àwọn àgbà mìíràn á ní nǹkan òyìnbó ni, kò bá wa tan. Ẹ rọra o. Nínú ikùn kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún, àmì méjì péré ló mọ̀: òdo àti oókan. Bí a bá to irú àmì bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ pọ̀, ọ̀nà 256 ló lè gbà jáde. Babaláwo náà, àmì méjì ló ń tẹ̀ sójú ọpọ́n: ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì. Mẹ́jọ ló ń tẹ̀ kí odù kan tó pé, iye odù Ifá sì jẹ́ 256. Èyí kò sọ pé ọ̀dọ̀ babaláwo ni àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ti kọ́ ọ o. Ohun tó hàn ni pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí orí Yorùbá.

ỌWỌ́DILẸ̀ TÓ DI IṢẸ́

Ní ọdún 2009, àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọmọ palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n lọ jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mẹ́ta kò jẹ́ kí àkókò náà ṣòfò. Orúkọ wọn ni Ayọ̀déjì Adéwùnmí, Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí àti Ọlálékan Olude. Wọ́n kọ ojú-òpó kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ ti lè pàdé. Jobberman ni wọ́n sọ ọ́, oṣù kẹjọ ọdún náà ló sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, Tiger Global, iléeṣẹ́ olówó kan ní Amẹ́ríkà, fi owó sí i. Ohun tí àwọn ọmọ fi àsìkò ìdaṣẹ́sílẹ̀ ṣe ló di iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn ẹlòmíràn wáṣẹ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Kò mọ sí ọkùnrin nìkan. Ní 2018, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé-ìwé girama Regina Pacis ní Onitsha wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí San Francisco, wọ́n bá àwọn ọmọ ilé-ìwé láti ilẹ̀ mìíràn díje nínú ìdíje Technovation. Ohun tí wọ́n kọ ni FD-Detector, áàpù orí fóònù tó ń ranni lọ́wọ́ láti dá òògùn ayédèrú mọ̀. Àwọn ni wọ́n gba ipò kìíní nínú ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ girama ni wọ́n o! Ìyá tó bá ń gba laptop lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ nítorí pé "iṣẹ́ ọkùnrin ni," kó gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Àwọn tó ti kúrò níléèwé náà sì wà níbẹ̀. Shọlá Akínladé, tó kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, pẹ̀lú alábàáṣe rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde níbẹ̀, ló dá Paystack sílẹ̀ kí àwọn oníṣòwò lè máa gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹwàá 2020, iléeṣẹ́ Stripe ra Paystack ní owó tó ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ. Òwò kòtò kọ́, jìbìtì kọ́. Iṣẹ́ ọpọlọ ni.

FÓÒNÙ KÉKERÉ, IṢẸ́ ŃLÁ

Ẹlòmíràn á ní, "Ọ̀rọ̀ olówó nìyẹn. Ta ló fẹ́ ra laptop fún ọmọ tèmi?" Kí ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìtàn Elvis Chidera, ọmọ Èkó, tó fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀ síta fún gbogbo ayé kà. Àwọn òbí rẹ̀ kò lówó kọ̀ǹpútà. Fóònù Nokia 2690 ló ní, irú èyí tí kò ṣe é fi ọwọ́ pa lójú, bọ́tìnì lásán ló ní lára. Orí bọ́tìnì yẹn ló ti kọ́ coding, tó ń tẹ bọ́tìnì kan lẹ́ẹ̀mẹta kí lẹ́tà kan tó jáde. Àwọn áàpù gidi ló sì fi kọ. Nígbà tó yá, ó rí iṣẹ́ ní dot Learn, iléeṣẹ́ kan tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará MIT ní Amẹ́ríkà jáde, tó ń ṣe fídíò ẹ̀kọ́ tí kì í jẹ data púpọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí, tó ṣì ní àìsí irinṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀, kó tún inú rò.

YORÙBÁ NÁÀ TI WỌ KỌ̀ǸPÚTÀ

Èyí ló máa dùn mọ́ ẹ̀yin ònkàwé wa jù. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n fi ń kọ coding, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú wọn? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Anúolúwapọ̀ Karounwi, jókòó, ó ní kí ló dé tí kò lè jẹ́ Yorùbá. Ó dá Yorlang sílẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà tí àṣẹ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. Bí ọmọ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ jáde, "sọpé" ni yóò kọ. Bó bá fẹ́ fi nǹkan sínú igbá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, "jẹ́kí" ni. Bó bá fẹ́ kó máa tún nǹkan ṣe, "nígbàtí" ni. Ó ti gbé e síta ọ̀fẹ́ kí ọdún 2020 tó wọlé, kí ẹni tó bá wù lè yẹ inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Kí tirẹ̀ tó dé, Kọ́lá Túbọ̀sún ti ṣe tirẹ̀. Ní 2005, nígbà tó ń kàwé jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, àkójọ orúkọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ohùn tó ń pè wọ́n, ló fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kú sínú àpótí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba máàkì. Tirẹ̀ kò kú. Ní 2015, ó ké sí àwọn èèyàn kí wọ́n dá owó jọ, iṣẹ́ náà sì di YorubaName lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ tí èèyàn lè fi tẹ àmì sórí Yorùbá láìfi omijé ṣe é.

Ní 2025 ni ìròyìn tún gbòde nípa Saheed Azeez, ọmọ Yunifásítì Èkó, tó kọ YarnGPT. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, á kà á síta pẹ̀lú ohùn ọmọ Nàìjíríà. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń sọ ọ́ níbí, ó sì ń ka Yorùbá, Ígbò àti Haúsá. Ohùn inú fíìmù Nollywood wà lára ohun tó fi kọ́ ọ. Fíìmù tí à ń wò ṣe fàájì, ọmọ kan ti sọ ọ́ di tíṣà fún kọ̀ǹpútà!

ỌLỌ́PÀÁ ÀTI LAPTOP

Ká má parọ́, Yahoo wà l'Èkó, ó sì wà l'Okota. Òwe ní iná kì í jó kí èéfín má yọ. Láti inú òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, abala 419, ni jìbìtì ti gba orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. EFCC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, òfin tó de jìbìtì orí kọ̀ǹpútà sì jáde ní 2015. Ẹni tó bá lu ènìyàn ní jìbìtì, kí òfin mú un.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn ọmọ aláìṣẹ̀ ti rí kò ṣe é fẹnu sọ. Ọmọ á gbé laptop rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá á ní kó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ní kó ṣí fóònù, wọ́n á ní níbo ló ti rówó ra ohun tó gbé dání. Ní 2017, ariwo #EndSARS kọ́kọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí irú ìwà báyìí. Ní 2019, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra wọn kóra jọ, wọ́n pe ìpolongo tiwọn ní #StopRobbingUs, pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, kéde pé a ti tú SARS ká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà, kò sí ará Èkó tó gbàgbé.

SARS lọ, ìfura kò lọ. Títí dòní, ọmọ tó bá gbé báàgì laptop sẹ́yìn, tó dúró ní Cele lálẹ́, ọkàn ìyá rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá wọlé.

OHUN TÓ Ń DÍ WỌN LỌ́WỌ́

Kì í ṣe pé ìmọ̀ jìnnà sí àdúgbò yìí. Ìsọlọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Okota ni LACOSTECH ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ìyẹn ilé-ìwé tó padà di Poli Èkó, tí ìjọba sì sọ di yunifásítì LASUSTECH ní 2022. Bí èèyàn bá wọ danfo ní Cele, Yaba kò jìnnà, níbi tí CcHUB ti ń kó àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà jọ láti nǹkan bí 2010. Bọ́sún Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, di mínísítà ní 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ yìí.

Iná ni ogun àkọ́kọ́, èyí tí a ṣì ń pè ní NEPA bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná bá lọ, ó di epo. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù kárùn-ún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní owó ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó di nǹkan bí 500. Wákàtí tí ọmọ lè fi kọ́ iṣẹ́ já sí méjì.

Laptop fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tokunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà ní Computer Village, Ìkẹjà. Wọ́n ń fi bátìrì tó ti kú rà á, tó jẹ́ pé bí iná bá ti ṣẹ́, iṣẹ́ tí èèyàn kò tíì fi pamọ́ bá iná lọ. Data òru ló sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn nítorí pé ó dínwó ju tọ̀sán lọ. Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí wọ́n fi ń sùn lọ́sàn-án? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá jí lóru ló ń jalè. Búrẹ́dì tí à ń jẹ láàárọ̀, òru ni wọ́n ń dín in.

BÁWO NI ÒBÍ ṢE LÈ MỌ̀ Ọ́N?

Èkíní, ẹ ní kó fi hàn yín. Ọmọ tó ń ṣe coding, ìṣòro tirẹ̀ ni pé kò rẹ́ni fi hàn. Bí ẹ bá bi í, ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́ mọ́. Ẹni tó ń ṣe jìbìtì ló máa ń pa ojú kọ̀ǹpútà dé bí ẹ bá ti wọlé.

Èkejì, ẹ bi í pé ta ló wà fún. Iṣẹ́ gidi máa ń ní ẹni tó wúlò fún: ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ọmọ kíláàsì, ìjọ, ẹgbẹ́ alájọ.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ yìí máa ń ní àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń kó tiwọn sí GitHub, níbi tí ọjọ́ tí wọ́n kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Ẹ ní kó ṣí i fún yín. Ọmọ tó ti ń gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, àkọsílẹ̀ yẹn ló máa gbè é lẹ́sẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo owó. Iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ kì í mú owó wá lójijì. Bí ọmọ tí kò ní oníbàárà kan bá ṣàdédé gbé mọ́tò wálé, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé coding.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má jẹ́ kí ìwé rẹ̀ dàrú. ASUU tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì 2022, ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. Ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ìwé bá ṣí, ìdánwò kì í dúró de ẹni tó ń wá àmì tó fò. Kó pín àkókò rẹ̀, kó sì sùn, nítorí ojú ni yóò fi ṣiṣẹ́ náà títí ayé.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tó ń kọ́ ara rẹ̀ ńkọ́, tí a wá ń pè l'ólè? Lálẹ́ òní, bí ẹ bá rí iná nínú yàrá ọmọ yín, ẹ má fi ìpá ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ní, "Ọmọ mi, kí lò ń ṣe? Ṣàlàyé fún mi." Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa, kí àwọn ìyá ìdí ẹ̀rọ omi náà lè kà á.